Ta ni ó ń tọ́jú àwòrán tí NFT yín ń tọ́ka sí? Ìjíròrò lórí IPFS, Filecoin àti Arweave

Ìbéèrè òǹkàwé kan láti Ìbàdàn:

Mo kí yín o. Ní ọdún 2021, mo ra NFT mẹ́ta (tókìnì tí ó ń fi hàn pé ènìyàn ni ó ni iṣẹ́ kan) lọ́wọ́ ayàwòrán kan tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà náà ni pé orí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, ni àwọn àwòrán náà wà, pé kò sí ẹni tí ó lè pa wọ́n rẹ́ títí ayé. Ní báyìí, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fara hàn mọ́ nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àdírẹ́sì mi wà níbẹ̀ pé èmi ni mo ni ín, ṣùgbọ́n òfìfo ni ojú àwòrán náà. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní kí n wá a lórí IPFS, ètò tí ó ń pín fáìlì káàkiri orí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn ní IPFS gan-an ni ó gbé e sọnù. Ṣé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí a pín káàkiri yìí, àbí wọ́n kàn fi ń gba owó lọ́wọ́ wa ni?

* * *

Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún yín kò pé, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsọ sì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ohun tí ó sábà máa ń wà lórí blockchain kò ju nọ́ńbà tókìnì, àdírẹ́sì ẹni tí ó ni ín, àti líǹkì kan lọ. Líǹkì yẹn ni ó ń lọ sí fáìlì kékeré kan tí a ń pè ní metadata, inú fáìlì kékeré yẹn ni orúkọ iṣẹ́ náà àti àlàyé rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni a ti máa ń rí líǹkì kejì tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwòrán gan-an. Nítorí náà, ibi méjì ni nǹkan ti lè já kí àwòrán tó dé ojú yín.

Owó ni ó fà á tí a kò fi ń gbé àwòrán fúnra rẹ̀ sórí blockchain. Lórí Ethereum, blockchain tí ọ̀pọ̀ NFT wà lórí rẹ̀, gáàsì (ìwọ̀n iṣẹ́ tí a ń sanwó lé lórí) 20,000 ni wọ́n ń gbà láti kọ báìtì 32 sínú ìpamọ́ smart contract, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ lórí blockchain. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀ fún àwòrán tí ó tó mégábáìtì kan: ó ju mílíọ̀nù 650 gáàsì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni odidi bulọ́ọ̀kù kan (ìdìpọ̀ àkọsílẹ̀ kan lórí blockchain) kò lè gbà ju mílíọ̀nù 30 lọ ní àkókò tí ẹ ń ra tiyín. Àwọn CryptoPunks tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n jáde ní ọdún 2017, kò ju píksẹ́lì 24 sí 24 lọ níkọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2021 kí àwọn tí ó ṣe wọ́n tó gbé àwòrán wọn sórí Ethereum. Kí ó tó di ìgbà náà, hash (òǹkà tí a ṣírò láti inú fáìlì) ti àwòrán ńlá tí gbogbo wọn jùmọ̀ wà nínú rẹ̀ nìkan ni ó wà nínú contract.

Kí a tó máa jiyàn nípa IPFS, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí líǹkì tiyín ń lọ. Bí orí Ethereum ni NFT náà wà, ẹ ṣí Etherscan, ojú òpó tí a fi ń wo ohun tí ó wà lórí Ethereum, ẹ fi àdírẹ́sì contract náà wá a, ẹ tẹ «Contract», kí ẹ tẹ «Read Contract», kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ tokenURI sí, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tókìnì yín síbẹ̀. Ohun tí ó bá jáde ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí wa. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ìyẹn líǹkì ojú òpó lásán, ìtàn kan ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ipfs:// tàbí ar:// (ti Arweave, ètò ìpamọ́ mìíràn), ìtàn mìíràn ni.

* * *

Ẹnìkan ti fèsì pé kò sí ewu nínú https, pé ilé iṣẹ́ ńlá kì í kú. Mi ò gbà. Nígbà tí FTX, ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ owó krípítò, wọ gbèsè tí ó sì lọ sí kóòtù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn NFT tí wọ́n ti mint (ìyẹn ni pé wọ́n dá wọn sílẹ̀) lórí ọjà rẹ̀, tí ti àjọ̀dún orin Coachella wà lára wọn, pàdánù àwòrán wọn, nítorí pé orí sáfà FTX, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ náà fi ń gbé fáìlì jáde, ni metadata wọn wà. Líǹkì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ènìyàn lọ sí ojú ewé tí ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gbèsè ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ra iṣẹ́ náà ṣì ni tókìnì rẹ̀ o, kò sí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti pé ilé iṣẹ́ lè kú tilẹ̀ kéré. Ẹni tí ó bá ni sáfà lè yí ohun tí ó wà níbẹ̀ padà nígbàkígbà tí ó bá fẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Moxie Marlinspike, ẹni tí ó dá áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Signal sílẹ̀, kọ ìròyìn nípa NFT kan tí ó ṣe láti fi èyí hàn: bí o bá wò ó lórí ọjà NFT OpenSea, àwòrán kan ni yóò fi hàn ọ́, bí o bá wò ó lórí ọjà Rarible, òmíràn ni, bí o bá sì rà á tí o wò ó nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ, àwòrán imí ni wàá rí. Kò sí òfin blockchain kankan tí ó rú. Líǹkì lásán ni wọ́n kọ sínú contract, wọn kò kọ ohunkóhun síbẹ̀ tí a lè fi mọ̀ bóyá ohun tí líǹkì náà gbé wá ni ó tọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tí ó ń pe IPFS ní ẹ̀tàn jiyàn. Ìṣòro kejì yìí, ìyẹn yíyí àwòrán padà lẹ́yìn títà, ni IPFS yanjú pátápátá.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí ó ń bi mí léèrè. Juan Benet àti àwọn ará ilé iṣẹ́ Protocol Labs ni ó gbé IPFS jáde ní ọdún 2015. Dípò kí líǹkì sọ ibi tí fáìlì wà, ohun tí fáìlì náà jẹ́ ni ó ń sọ. Kọ̀ǹpútà yóò gé fáìlì náà sí wẹ́wẹ́, yóò ṣírò hash rẹ̀, yóò sì fa CID, ìyẹn orúkọ ìdánimọ̀ fáìlì náà, yọ láti inú ìṣirò náà. Èyí tí ó jẹ́ ti àtijọ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Qm tí ó sì gùn ní lẹ́tà 46. Èyí tí ó jẹ́ tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú baf. Bí ìtẹ̀ka ènìyàn ni CID rí fún fáìlì: bí píksẹ́lì kan ṣoṣo bá yí padà, CID mìíràn ni yóò jáde. Nígbà tí wọ́n bá ti kọ CID sínú contract tí a kò lè yí padà, kò sí ẹni tí ó lè fi àwòrán mìíràn rọ́pò èyí tí ẹ rà kí ẹ má mọ̀.

Ṣùgbọ́n CID kò sọ pé ẹnikẹ́ni yóò tọ́jú fáìlì náà. Ibí ni èmi àti àwọn tí ó ń polówó IPFS gẹ́gẹ́ bí ìpamọ́ ayérayé ti ń pínyà. Kọ̀ǹpútà tí ó bá kàn gba fáìlì yín kọjá lè tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń gbá ilẹ̀ inú rẹ̀ kí àyè lè wà, yóò pa á rẹ́, àfi bí ẹnìkan bá ti ṣe pin rẹ̀. Ṣíṣe pin ni pé kí a pàṣẹ fún ẹ̀rọ kan pé kò gbọdọ̀ pa fáìlì yìí rẹ́. Bí kò bá sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní gbogbo ayé tí ó ṣe pin fáìlì náà, CID yín yóò wà, kò ní sí ẹni tí yóò dáhùn bí ẹ bá pè é.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún ènìyàn ni ti Hic et Nunc, ọjà NFT lórí Tezos (blockchain mìíràn) tí Rafael Lima, ọmọ Bùràsílì, dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Owó kékeré ni wọ́n fi ń mint níbẹ̀, nítorí náà ó gba ọ̀pọ̀ ayàwòrán tí kò lè san owó gáàsì Ethereum mọ́ra. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó ti ọjà náà pa lójijì. Ká ní orí sáfà kan ni gbogbo nǹkan wà, ibẹ̀ ni ìtàn ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n contract wà lórí Tezos, àwòrán wà lórí IPFS, koodu ojú òpó náà sì wà ní gbangba, nítorí náà kò pẹ́ rárá kí àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn tó gbé ojú òpó mìíràn dìde tí ó ń fi iṣẹ́ kan náà hàn. Nígbà tí ó yá, wọ́n dá Teia sílẹ̀. Ohun tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kan dìde láti máa ṣe pin àwọn fáìlì náà. IPFS fún wọn ní àyè láti ṣe é láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò ṣe é fún wọn.

* * *

Òǹkàwé wa láti Ìbàdàn ti fèsì. Ó ní ohun tí ó jáde nínú tokenURI rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ṣùgbọ́n òun rí «/ipfs/Qm» láàárín rẹ̀.

Inú mi dùn sí èyí, nítorí pé ìdajì ìṣòro yín ti yanjú. Gateway ni wọ́n kọ sínú contract náà. Gateway ni sáfà kan tí ó ń bá bùráúsà lásán wá fáìlì lórí IPFS, ilé iṣẹ́ kan ni ó ni ín, ó sì lè tì í nígbà tí ó bá wù ú. Cloudflare, tí ó ṣí tirẹ̀ ní ọdún 2018, fà á lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ọdún 2024. Ẹ ge apá iwájú líǹkì náà kúrò, ẹ mú gbogbo ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi Qm dé òpin, kí ẹ sì fi sẹ́yìn https://ipfs.io/ipfs/ nínú bùráúsà yín. Bí metadata bá ṣí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ «image» sí, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú CID tí ó wà níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú rẹ̀, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde. Bí ó bá jáde, ẹ má wulẹ̀ yọ̀ kí ẹ sì ti ojú ewé náà. Ẹ gba metadata àti àwòrán náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ṣe pin CID méjèèjì síbi tí ó jẹ́ tiyín.

Ẹ̀yin tí ó ń mint, ẹ jọ̀wọ́, ipfs:// àti CID ni kí ẹ kọ sínú contract, ẹ má kọ gateway ẹnikẹ́ni. Mo ti rí iṣẹ́ púpọ̀ tí metadata rẹ̀ wà lórí IPFS dáadáa, ṣùgbọ́n tí «image» inú rẹ̀ jẹ́ https ti sáfà ayàwòrán náà. Irú ìyẹn ń tan ẹni tí kò bá wò ju apá àkọ́kọ́ lọ.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé bí kò bá sí gateway kankan tí ó gbé e jáde ńkọ́, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò tíì parí bí fáìlì àkọ́kọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ayàwòrán fọ́tò kan ní Òṣogbo, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gbé àkójọ kan sórí ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe pin lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ náà pa gbogbo àkáǹtì ọ̀fẹ́ rẹ́, lẹ́tà tí wọ́n fi kìlọ̀ sì wọ inú àpótí tí kì í yẹ̀ wò. Àwọn tí ó ra iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi láti orí WhatsApp. Mo fi sínú IPFS, CID tí ó jáde kò jọ ti inú contract rárá, nítorí pé WhatsApp ti fún fọ́tò náà pọ̀, kì í ṣe báìtì kan náà mọ́. Ó wá lọ gbé háàdì dísíìkì rẹ̀ jáde, ó mú fáìlì tí ó gbé sókè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wá, a sì fi ètò kan náà tí ilé iṣẹ́ yẹn lò gbé e wọlé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú CID náà bára mu. A ṣe pin rẹ̀, àwòrán náà sì padà sí ojú wọ́lẹ́ẹ̀tì àwọn tí ó rà á láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan contract.

Ètò kan náà tí mo wí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Fáìlì kan ṣoṣo lè ní CID tí ó yàtọ̀ síra bí ìwọ̀n tí a fi gé e bá yàtọ̀, tàbí bí a bá lo irú CID ti àtijọ́ dípò tuntun, tàbí bí a bá fi sínú fódà. Nítorí náà, kí ẹ tọ́jú fáìlì CAR pẹ̀lú àwòrán yín. Inú CAR ni gbogbo wẹ́wẹ́ náà wà bí wọ́n ṣe gé wọn gan-an, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé e wọlé yóò sì gba CID kan náà láìsí àròyé.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó ni ó fa àríyànjiyàn jù níbí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní kí olúkúlùkù máa san owó oṣooṣù fún ilé iṣẹ́ pinning. Ó dára fún ẹni tí ó lè san án láìdáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rántí òpin ọdún 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà dá fífi káàdì náírà sanwó sí òkè òkun dúró. Ẹni tí ó ń fi káàdì náírà san owó pinning nígbà náà, owó oṣù tí ó tẹ̀lé e lè má wọlé mọ́. Ìpamọ́ tí ó bá dúró lórí káàdì kan ṣoṣo kò yàtọ̀ sí èyí tí ó dúró lórí sáfà kan ṣoṣo. Ọ̀fẹ́ náà ní ewu tirẹ̀: NFT.Storage, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021 láti máa tọ́jú NFT lọ́fẹ̀ẹ́, dáwọ́ gbígba fáìlì tuntun sí ètò àkọ́kọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024.

Àwọn kan ní kí a fi kọ̀ǹpútà ilé ṣe nóòdù, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó wà lára àwọn tí ń gbé fáìlì lórí IPFS. Mo fara mọ́ ọn, mo sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo. Iná ń lọ. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun sì já nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nóòdù mẹ́ta yín bá wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Kùtọnù, ibi kan náà ni gbogbo wọn wà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ kan ní London tàbí Houston tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré kan máa ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀.

Filecoin, tí ó ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, gbìyànjú láti fi owó àti ìjìyà sí ohun tí IPFS fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gba fáìlì yín gbọ́dọ̀ fi owó ìdúró sílẹ̀, kí ó sì máa fi ẹ̀rí ìṣirò hàn ní gbogbo wákàtí 24 pé ó ṣì wà lọ́wọ́ òun. Bí kò bá fi hàn, wọn yóò gé nínú owó náà. Èyí dára ju ìlérí ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà láàyè tí yóò tún un ṣe.

Arweave, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, ń gba owó lẹ́ẹ̀kan péré. Apá tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ni wọ́n ń fi pamọ́ láti máa san án díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tí ó ń tọ́jú fáìlì, wọ́n sì ṣe ìṣirò rẹ̀ fún igba ọdún ó kéré tán, lórí ìgbàgbọ́ pé owó ìpamọ́ yóò máa wálẹ̀ lọ́dọọdún. Ìgbàgbọ́ yẹn lè má ṣẹ. Síbẹ̀, fún ayàwòrán tí kò mọ̀ bóyá báńkì yóò jẹ́ kí òun sanwó lóṣù tí ń bọ̀, owó ẹ̀ẹ̀kan tí ó ti san tán ni mo fara mọ́ jù, pàápàá fún metadata àti àwòrán tí kò tóbi. Fídíò tí ó tó gígábáìtì mélòó kan, ìyẹn lè wọ́n ju èrè orí rẹ̀ lọ. Ẹ wá nóòdù méjì sí mẹ́ta fún un.

* * *

Bàbá kan nínú wa sọ pé ojúṣe ẹni tí ó tà á ni láti tọ́jú rẹ̀, pé ẹni tí ó ra ọjà kì í tún san owó ọ̀yà fún ẹni tí ó tà á. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, bàbá, mo sì gbà pé ẹni tí ó mint gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba, kí ó tó gba owó, ibi tí fáìlì wà àti ìgbà tí owó ìpamọ́ náà yóò parí. Ẹni tí kò bá sọ èyí ti rẹ́ ẹni tí ó ra ọjà rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ayàwòrán lè kú, ó lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tí tókìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìpàdánù yóò bá, kò sì sí ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ láti ṣe pin ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ìyá tí ó béèrè bóyá òun lè fi fọ́tò egúngún ìdílé wọn àti ti àwọn ọmọdé ibẹ̀ ṣe àkójọ lórí Arweave.

Mà, ẹ má ṣe ti àwọn ọmọdé. Gbangba ni IPFS àti Arweave, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní CID tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì náà lè ṣí i. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n pa dátà òun rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni lórí Arweave tí ọmọ náà lè tọ̀ lọ nígbà tí ó bá dàgbà, tí yóò sì pa á rẹ́ pátápátá. Ní ti egúngún, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn àgbà agbo ilé sọ̀rọ̀, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí a bá fi síbẹ̀ kò ṣeé mú kúrò mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú wọn fún ìdílé nìkan, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà dì wọ́n kí ẹ tó gbé wọn sókè, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà náà sọ́wọ́ ẹni méjì ó kéré tán nínú ẹbí, nítorí pé bí ó bá sọnù, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tí ẹ lè kọ lẹ́tà sí pé kí wọ́n ṣí i fún yín.